Ọ̀sán Gangan Tí Wọ́n La Àyà Ládàánì

Ní Abà Sàlámì, abúlé kan tó wà lẹ́yìn Lálùpọn, wákàtí kan wà lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ìgbà tí oòrùn bá dúró sí àtàrí ni, tí òjìji ènìyàn bá ká jọ sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ á fi ọkọ́ lélẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ á dákẹ́. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí kò ní da tuntun sínú agbada. Èyí tó ti wà lórí iná ni wọ́n á máa rò títí yóò fi gbẹ. Bí àlejò bá gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó wọ abúlé ní àkókò náà, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á sì máa bi í léèrè ilé, léèrè ọ̀nà, títí oòrùn yóò fi yẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà máa ń jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè gbọ́ bí paánù orí ilé ṣe ń ta nínú ooru, tí ojú á sì máa rí ọ̀nà oko bí ẹni pé ó wà lábẹ́ omi.

Lìádì ni ó ń ṣọ́ wákàtí yìí fún wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó ti ń ṣe ládàánì mọ́sáláṣí abúlé náà, ìyẹn ẹni tó ń fi ohùn pe ènìyàn wá sí ìrun ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣe é kó tó kàn án. Kò ní aago ọwọ́. Igi kan tí wọ́n rì mọ́ àgbàlá mọ́sáláṣí ni aago rẹ̀: bí òjìji igi náà bá kúrú tó àtẹ́lẹwọ́ kan, ó ti tó kí ọwọ́ gbogbo sinmi, bí ó bá ti yọ sí apá kejì ní ìka méjì, ọwọ́ ṣí nìyẹn. Ẹ̀sìn ní kí a má kírun nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Bàbá Lìádì ló fi kún un pé kí a má gbìn, kí a má sọ̀rọ̀ ìyàwó, kí a má sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. “Ohun tí kò bá ní òjìji,” ni bàbá náà máa ń wí, “kò ní ẹ̀gbẹ́ tí a lè dì mú.” Abúlé gba àfikún náà bí ẹni pé inú ìwé mímọ́ ni wọ́n ti kà á.

Ohùn Lìádì kì í ṣe ohùn ńlá. Ohùn tó tẹ́jú ni, tó máa ń lọ jìnnà nítorí pé kì í kánjú. Àwọn tó wà lẹ́bàá odò ń gbọ́ ọ. Hasanat, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ ọ títí ó fi mọ ibi tí ọkọ òun ti ń mí nínú ìpè náà, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń mọ ibi tí pátákó ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ti ń dún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, nígbà tí Lìádì ń pe ìrun àsùbáà, kí ojú ọ̀run tó là, nǹkan kan ya láàárín èjìká rẹ̀ méjèèjì. Kò rò ó bí ìrora lákọ̀ọ́kọ́. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan fa aṣọ tuntun ya lẹ́yìn rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ já. Ó gbé e sókè padà, ó tún gbọ̀n, ó sì fi agbára mú ìpè náà dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti ògiri, ó di ojú.

Àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ wá kírun gbọ́ ohùn náà, ọkàn wọn sì rọ̀. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ládàánì kò sunkún rí nínú ìpè. Alfa Khàlíl, igbákejì lémọ́ọ̀mù, nu ojú tirẹ̀ náà. Olúkúlùkù wọn rí Lìádì lẹ́bàá ògiri, ojú dídì, ọwọ́ láyà. Olúkúlùkù wọn sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kí wọ́n má baà dí àdúà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ lókèèrè kí ó má baà pariwo. Wọ́n kírun tán, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìbùkún ti bọ́ sí abúlé.

Hasanat nìkan ni inú rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti gbọ́ èémí kan níbi tí kò yẹ kí èémí wà. Ó parí ìrun tirẹ̀ nílé, ó lọ́ aṣọ mọ́ra, ó sì wá sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkùnrin ń gbà, níbi tí obìnrin kì í dé.

“Alfa, ọkọ mi ńkọ́?”

“Ẹ rọra, Ìyá Kifayah,” ni Alfa Khàlíl fi ohùn kékeré dáhùn. “Ó wà nínú àdúà. Ẹ̀rù Ọlọ́run ló bà á lónìí.”

Hasanat wo ọkọ rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.

“Ẹ̀rù Ọlọ́run kì í mú ènìyàn làágùn nígbà tí ìrì ṣì ń sẹ̀, Alfa. Ẹ wá bá mi gbé e.”

Roheem, àbúrò Lìádì, ni ó ń wa bọ́ọ̀sì láti Lálùpọn lọ sí Ìwó Road. Ó ti gbé èrò mẹ́rin kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sọ wọ́n kalẹ̀, wọ́n sì tẹ́ Lìádì sórí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ lórí itan Hasanat. Kifayah, ọmọ wọn obìnrin, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Lálùpọn, bá wọn lójú ọ̀nà. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nínú ìlú náà, nọ́ọ̀sì kan wọ inú bọ́ọ̀sì, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ó tún wọ̀n ọ́n ní ọwọ́ òsì. Iye méjèèjì jìnnà síra wọn púpọ̀. Nọ́ọ̀sì náà sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe dúró níbìkankan, Ìbàdàn ni kí wọ́n máa lọ.

Lìádì rántí ìrìn àjò náà bí àlá. Ìkùukùu wà lórí oko ẹ̀gẹ́, oòrùn sì ń yọ láàárín àwọn igi tíìkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé igi kọ̀ọ̀kan ní oòrùn tirẹ̀. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ tó ń gun gíláàsì bọ́ọ̀sì ka àkókò. Nígbà tí ó dé etí aṣọ Hasanat, ó mọ̀ pé wọ́n ti dé Mónátàn, ní ẹnu ibodè Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wọ ilé ńlá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, àkókò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n ya àwòrán inú àyà rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tó mú kí ìrora náà sún sẹ́yìn, tó sì ń lu láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni ń gún iyán ní agboolé mìíràn. Nígbà tí dókítà oníṣẹ́ abẹ wọlé, Lìádì rò pé yálẹ̀ta ṣì ni, kí oòrùn tó gun òkè. Dókítà náà ń jẹ́ Akíntáyọ̀, ọmọ olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erunmu. Ó fa àga, ó jókòó kí ojú rẹ̀ lè bá ojú Lìádì dọ́gba.

“Bàbá, iṣan ńlá kan wà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn. Ó dà bí aṣọ tí a rán ní ìpele méjì. Ìpele inú ti ya, ẹ̀jẹ̀ sì ń wọ àárín wọn. Bí ìpele òde bá tún ya, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. A fẹ́ la àyà yín, kí a gé ibi tó ya, kí a sì rán òmíràn sí ipò rẹ̀.”

“Ọkàn náà ńkọ́, nígbà tí ẹ bá ń rán an?”

“A óò dá a dúró.”

“Ta ni yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀?”

“Ẹ̀rọ kan ni.”

“Ṣé ẹ̀rọ náà kì í sinmi?”

“Kì í sinmi, Bàbá, àfi bí àwa bá ní kó sinmi.”

Ìdáhùn náà dùn mọ́ Lìádì nínú. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó bi Kifayah pé aago mélòó ni. Ọmọ náà wo fóònù rẹ̀.

“Méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, Bàbá.”

Lìádì pa ojú dé. “Oòrùn ti ń dé àtàrí. Ẹ jẹ́ kó yẹ̀ ná, Dókítà.”

Akíntáyọ̀ kò tètè lóye. Roheem ló ṣàlàyé fún un, tìyìntìyìn, bí ẹni ń ka òfin mọ́tò: bàbá wọn ti fi í lélẹ̀, gbogbo abúlé ló ń pa á mọ́, kò tíì sí ẹni tó rú u tí nǹkan rẹ̀ gún. “Wákàtí kan péré ni,” ni ó fi parí ọ̀rọ̀. “Láti àárọ̀ la ti ń bá yín jókòó níbí. Wákàtí kan kò lè pọ̀ jù.”

Kifayah yí padà sí dókítà náà. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé wákàtí kan wà tó sàn ju òmíràn lọ fún irú iṣẹ́ yìí?”

Akíntáyọ̀ lè sọ pé kò sí. Ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀.

“Àwọn kan ti ṣèwádìí rẹ̀,” ni ó wí. “Ara ènìyàn ní aago tirẹ̀, ọkàn náà ní. Àwọn kan ní ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún nígbà tí òwúrọ̀ ń di ọ̀sán kì í ṣe dáadáa tó àwọn yòókù. Àwọn mìíràn wò ó, wọn kò rí ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí.”

“Ẹ ti gbọ́,” ni Roheem wí. “Nígbà tí òwúrọ̀ ń di ọ̀sán. Dókítà fúnra wọn ló sọ ọ́. Bàbá wa kò mọ ìwé, ó sì ti mọ̀ ọ́n kí àwọn oníwèé tó mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, sà. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń sọ kéré, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n sì kó jọ kí wọ́n tó rí i. Yíya tí iṣan yìí ya kò kéré. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ní in, ẹnì kan tàbí méjì ló ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí a bá fi dúró. Wákàtí méje ti kọjá lórí tiwọn.”

“Ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún?”

“Bàbá kékeré,” ni Kifayah dá Roheem lóhùn, “bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún èrò bá ń já bọ́ láti inú bọ́ọ̀sì yín ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ṣé ẹ óò ṣì máa wa á lọ?”

Nọ́ọ̀sì kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ibùsùn oníkẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn wo Lìádì. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí aṣọ ìbora bí ọwọ́ ẹni tó jókòó sí abẹ́ igi tó ń retí kí ọwọ́ ṣí. Ó hàn pé kò bẹ̀rù. Ìyẹn gan-an ló le: wọn kò rí ẹ̀rù tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ṣẹ́.

Hasanat kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ògiri ni ó kọjú sí nígbà tí ó sọ ọ́.

“Ọjọ́ tí mo bí Kifayah, níbo ni oòrùn wà?”

Lìádì la ojú.

“Ẹ̀yin ni mò ń bi, Bàbá Kifayah.”

“Àtàrí ni.”

“Kí lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wí fún mi?”

“Hasanat.”

“Ẹ sọ ọ́ kí Dókítà gbọ́.”

Lìádì mí díẹ̀díẹ̀. “Mo ní kí o mú un mọ́ra díẹ̀, kí oòrùn yẹ̀.”

“Kí ni mo fi dá yín lóhùn?”

“O ní kí n wọlé wá bá ọ mú un mọ́ra.”

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu. Akíntáyọ̀ wo ilẹ̀. Ẹ̀rín gba inú Lìádì kọjá, ó dùn ún wọ egungun, ó sì ń rẹ́rìn-ín náà síbẹ̀, omi ń jáde lójú rẹ̀.

“Ọmọ tí kò ní ẹ̀gbẹ́ tí a lè dì mú náà rèé,” ni Hasanat wí. “Ó ń kọ́ ogójì ọmọ ní Lálùpọn.”

Lìádì ní kí wọ́n gbé ìwé tí òun yóò fi gbà fún iṣẹ́ abẹ náà wá. Ó fi lẹ́tà kéwú kọ orúkọ rẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, ó kọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, àwọn àmì rẹ̀ pé pérépéré. Aago tó wà lára ògiri fi hàn pé ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún kí aago kan lù. Kò sí ẹni tó mẹ́nu bà á.

Wọ́n tì í gba ọ̀nà gígùn kan. Àwọn iná àjà ń kọjá lójú rẹ̀, funfun tẹ̀ lé funfun, kò sí èyí tó gbóná nínú wọn. Nígbà tí wọ́n dé yàrá iṣẹ́ abẹ, àtùpà ńlá kan wà lókè rẹ̀, ó rí rìbìtì, ojú rẹ̀ sì pọ̀. Lìádì na ọwọ́ rẹ̀ kan sókè lábẹ́ rẹ̀, ó wo àyà rẹ̀, ó tún yí ọwọ́ náà padà.

“Kí lẹ ń wá, Bàbá?” ni dókítà tó fẹ́ fún un ní oògùn oorun bi í. Obìnrin ni, ará Akanran, Olúwabùnmi ni orúkọ rẹ̀.

“Òjìji ọwọ́ mi ni. N kò rí i.”

“Wọ́n dìídì ṣe àtùpà náà bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà gbogbo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá, kí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ má baà ṣíji bo ojú iṣẹ́.”

Lìádì ronú sí i. “Nígbà náà, ọ̀sán gangan ni níbí nígbà gbogbo.”

“Nígbà gbogbo, Bàbá. Ìbáà ṣe aago mẹ́ta òru.” Olúwabùnmi ti ń tẹ oògùn náà sínú iṣan rẹ̀. “Ẹ máa ka oókan dé ẹẹ́wàá fún mi.”

Kò kà á. Àwọn ìrun ni ó ń dárúkọ: àsùbáà, àyìlá, àlàásárì. Kò dé màgàríbì.

Ó bá ara rẹ̀ ní Abà Sàlámì. Kò sí òjìji lára igi kankan, kò sí lára ilé, kò sí lára ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, síbẹ̀ gbogbo ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ń lọ ẹ̀gẹ́ láìdún. Àwọn obìnrin ń da gàrí tuntun sínú agbada, gàrí náà sì ń bọ́ bí ìrì, láìkánjú. Ó rìn dé oko. Bàbá rẹ̀, tó ti kú láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wà láàárín ebè, ó ń ki igi ẹ̀gẹ́ bọ ilẹ̀.

“Bàbá, oòrùn wà ní àtàrí.”

“Mo rí i,” ni bàbá rẹ̀ wí. Kò gbé orí sókè. Ó ki òmíràn bọlẹ̀.

Ní òde yàrá iṣẹ́ abẹ, Hasanat, Kifayah àti Roheem jókòó sórí àga gbọọrọ kan. Àkókò ìrun ọ̀sán dé, wọ́n lọ kí i ní mọ́sáláṣí tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn, wọ́n padà wá. Oòrùn wọ inú ọ̀nà náà láti ẹnu ilẹ̀kùn kan, ó ń ra lórí ilẹ̀ títí ó fi kan bàtà Kifayah, ó gun bàtà náà, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àlàásárì dé. Roheem lọ wo bọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ẹni pé bọ́ọ̀sì ni ó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ó padà nígbà kẹrin, ó jókòó jìnnà díẹ̀.

“Ìyá Kifayah, ẹ má bínú sí mi.”

“Kí lẹ ṣe?”

“Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró.”

“Wọn kò dúró.”

“Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ sí i, ilé yóò sọ pé ọ̀sán ni. N kò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.”

Hasanat ń fi ìka tẹ etí aṣọ rẹ̀ pọ̀, ó ń tú u. “Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i, Bọ̀dá Dírẹ́bà, ọ̀sán kọ́. Èmi ni mo fi ẹ̀rín mú un lọ. Mo mọ ibi tí mo ti lè mú un, mo sì mú un níbẹ̀. Bí kò bá jáde, kí ni mo fẹ́ wí pé mo ṣe?”

Kifayah sún mọ́ ọn, ó fi èjìká rẹ̀ ti èjìká ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jókòó títí nìyẹn, tí ìmọ́lẹ̀ inú ọ̀nà náà yí láti funfun sí àwọ̀ epo, tí àwọn tó ń kọjá sì dà bí ẹni tó ń rìn lábẹ́ odò tó dákẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú tán, wọ́n ti kírun màgàríbì, kí Akíntáyọ̀ tó jáde. Fìlà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ìlà sí i níwájú orí. Hasanat kò dìde.

“Ọkàn wọn ti ń lù fúnra rẹ̀,” ni Akíntáyọ̀ wí. “A ti pa ẹ̀rọ náà. Wọn kò tíì jí. Òru òní àti ọ̀la le, ṣùgbọ́n wọ́n dé ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n dé.”

Roheem dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Akíntáyọ̀, tí kò tó ọmọ ogójì ọdún, fò sẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Hasanat sunkún láìdún.

Ọjọ́ kẹta ni Lìádì la ojú tó mọ ènìyàn. Iná àjà wà lókè rẹ̀, kò sí fèrèsé nítòsí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, ó jí, kò sì mọ ibi tí ọjọ́ dé. Ó dúró kí ìbẹ̀rù ìyẹn wá bá òun. Kò wá. Ó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ya ẹnu, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde.

Wọ́n rò pé ọ̀pá tí wọ́n fi sí i lọ́fun ló fà á, pé yóò lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò lọ. Akíntáyọ̀ mú dókítà mìíràn wá, tó fi iná wo inú ọ̀fun rẹ̀. Ó jókòó bó ṣe jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì sọ ọ́ fún un tààrà.

“Iṣan tíńtín kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ohùn, Bàbá. Kó tó dé ọ̀fun, ó ń yí iṣan ńlá tí a rán yẹn ká. Ó ti fara gbá nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ yíya náà ló ṣe é. Ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ni. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ padà láàárín oṣù mélòó kan. Èmi kò rò pé wọ́n tún lè máa gbọ́ ọ dé odò, bí ìyàwó yín ṣe ní wọ́n ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.”

Lìádì ní kó sún mọ́ òun. Ohùn tó kù fún un kò ju ìró ewé lọ.

“Bí a bá ti dúró kí oòrùn yẹ̀ ńkọ́?”

“N kò mọ̀, Bàbá. N kò lè mọ̀. Bí ènìyàn bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún, a lè ṣe ìdajì wọn lọ́sàn-án, kí a ṣe ìdajì wọn lálẹ́, kí a sì wo èyí tó sàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin jẹ́ ẹnì kan. Mo ti la àyà yín ní ọ̀sán. Kò sí Lìádì kejì tí mo lè là ní ìrọ̀lẹ́ kí n fi wé yín.”

Lìádì fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, bí ènìyàn ṣe ń fi ahọ́n wá ibi tí eyín ti yọ, lẹ́yìn náà ni ó dẹ́kun rírò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni Roheem gbé e padà sí Abà Sàlámì. Alfa Khàlíl ló ń pe ìrun báyìí, fóònù rẹ̀ sì ni ó fi ń wo àkókò. Ohùn rẹ̀ dára, àmọ́ Hasanat ní kì í mọ ìgbà tó yẹ kó mí. Àwọn ará abúlé ń wá kí Lìádì lójoojúmọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á wo ojú àpá tó gùn láti abẹ́ ọ̀fun wá sí àárín àyà, wọ́n á mi orí, ọ̀rọ̀ ọ̀sán gangan á wà lẹ́nu wọn, wọn kò ní sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá dé ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń sọ ọ́: apá kan ní ọ̀sán ló gba ohùn lọ́wọ́ ládàánì, apá kejì ní ọ̀sán ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ohùn wulẹ̀ jẹ́ owó ibodè ni.

Nítorí pé ohùn Lìádì kò rìn ju ìbú ọwọ́ kan lọ, Hasanat ni ó ń jókòó tì í, tó ń fi etí gbà á, tó ń sọ ọ́ jáde. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi fura pé ọ̀rọ̀ tó ń jáde ń pọ̀ ju èyí tó wọlé lọ. Ní ọjọ́ kan, Zubaidah, obìnrin kan ní agboolé kejì, wá béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí. Lìádì sọ gbólóhùn kan sí Hasanat létí.

“Ó ní ara ń le, ó ní kí ẹ kí ìyá yín,” ni Hasanat kéde. “Ó tún ní kí ẹ dá agbada tí ẹ yá lọ́dún tó kọjá padà.”

Lìádì ń mi orí kíkankíkan pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Zubaidah ti ń tọrọ àforíjì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti túká, Roheem nìkan ló kù. Òkùnkùn ò tíì dé, ìmọ́lẹ̀ sì rọ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni da ìyẹ̀fun. Ó ti pẹ́ tó ti ń yí fìlà rẹ̀ ká lórí orúnkún.

“Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má sì fi í ṣe ìbínú. Ká ní a dúró fún wákàtí kan yẹn, ṣé ẹ rò pé ohùn yín ì bá wà níbẹ̀?”

Lìádì fi ìka pe Hasanat. Obìnrin náà tẹ̀ba, ó gbé etí sí i lẹ́nu. Lìádì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́. Roheem ń rí ètè rẹ̀ tó ń mì, ó rí i tó sinmi láti mí, tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó rí ojú Hasanat, tí kò wo ibì kan, tó ń tutù díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ń bu omi sí lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Nígbà tó parí, Hasanat tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe, ó sì jókòó dáadáa.

“Ó ní òun kò mọ̀,” ni ó wí.

Roheem dúró kó gbọ́ sí i. “Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gùn jùyẹn lọ, Ìyá Kifayah.”

“Ó gùn jù ú lọ lóòótọ́,” ni Hasanat dáhùn. “Èmi ló ń bá sọ ìyókù.”